Maple Leafs tún já mi kulẹ̀: ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀ ni?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn lónìí wá láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ẹni tó kọ ọ́ sọ báyìí pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí. Toronto ni mo ti kàwé gboyè kejì, ibẹ̀ ni ìfẹ́ họ́kì orí yìnyín ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀, Maple Leafs ti ìlú náà sì ni ẹgbẹ́ mi. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2025, mo jókòó ti fóònù lóru títí di nǹkan bí aago mẹ́ta, Florida sì nà wá ní 6-1 nínú eré keje. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo dé iwájú kíláàsì, ń kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo ti fi ₦20,000 ta tẹ́tẹ́ pé a ó borí. Ìyàwó mi sọ pé àìsàn ni. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n jẹ́ ará Arsenal ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ní báyìí, Marner, ọ̀kan nínú àwọn àgbà eléré wa, náà ti lọ, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lẹ́yìn aṣọ tí mo fi owó gidi rà. Ṣé wọ́n fi ẹgbẹ́ yìí gégùn-ún ni? Ṣé kí n kúkú lọ bá Florida tó ń gba ife?”

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ọmọ kíkọ́, o sì kú ìrójú. Ìbéèrè méjì lo kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni mo rí kà níbẹ̀. O fẹ́ mọ ohun tó fa ìjákulẹ̀ yìí, o sì fẹ́ mọ ohun tó yẹ kí o ṣe sí ẹgbẹ́ náà. Èyí tí o kò kọ sílẹ̀ ni pé ojú ń tì ọ́ pé ọ̀rọ̀ eré lè dun àgbàlagbà tó níyàwó nílé tó báyìí. Ìtìjú yẹn ni kí á kọ́kọ́ gbé kúrò nílẹ̀, torí pé bí kò bá kúrò, kò sí àlàyé mìíràn tí yóò wọ̀ ọ́ létí.

Kì í ṣe àìsàn. Ní sáà 2024 sí 2025 tí o ń sọ yìí, eré 82 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá ní NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, láti oṣù Kẹwàá dé oṣù Kẹrin, kí wọ́n tó wá bẹ̀rẹ̀ playoff tí wọ́n fi ń du ife Stanley Cup. Ní ìpele playoff kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ méjì á kojú ara wọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ borí nínú eré mẹ́rin ló kọjá; bí ó bá di mẹ́ta sí mẹ́ta, eré keje ló ń yanjú rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ẹgbẹ́ kan dé ibi tí ìwọ bá wọn dé ti bá wọn jí, ó ti bá wọn sùn fún oṣù méje. Kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá parí lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, dandan ni kí ara mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pàápàá mọ̀ ọ́n. Arsenal ṣe ipò kejì ní líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ní 2023, 2024 àti 2025; bi wọ́n léèrè bí oúnjẹ ṣe rí lẹ́nu wọn láwọn àkókò yẹn. Gbogbo wa la sì rántí ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2022, nígbà tí Super Eagles àti Ghana ta ọ̀mì 1-1 ní Àbújá tí ọ̀nà Ife Àgbáyé fi dí mọ́ wa lójú. Mo rí àgbàlagbà kan lálẹ́ ọjọ́ náà tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Fájuyì, tí kò rántí nawọ́ sí ọ̀kadà tó fẹ́ gbé e lọ sílé.

Ohun tó ya tìrẹ sọ́tọ̀ ni pé ìwọ nìkan lo jẹ ẹ́. Tí Arsenal bá fìdí rẹmi, ariwo á sọ nínú ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n á bú kóòṣì, wọ́n á bú rẹfirí, ẹnì kan á búra pé òun kò ní wò wọ́n mọ́, wọ́n á fi rẹ́rìn-ín, wọ́n á jọ rìn dé ìdí súyà. Kí oníkálukú tó délé, ìdajì ìbànújẹ́ náà ti gba ẹnu jáde. Ìwọ ti nǹkan bọ etí kí ariwo má baà jí àwọn ará ilé, o rí góòlù kẹfà, o pa fóònù, o dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Lójú tèmi, èyí ló wúwo ju 6-1 náà lọ. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ti òkè òkun dé sọ̀rọ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, ohun kan náà ni mo ń rí: ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn níbẹ̀ di ibi tí gbogbo ọdún tí wọ́n fi gbé nínú òtútù ń gbé, àárò ìlú náà sì wà nínú ohun tí wọ́n ń pè ní ìbínú eré. Nítorí náà, kí o tó wádìí ohun tí ẹgbẹ́ rẹ ṣe ọ́, pe àwọn tí ẹ jọ wo họ́kì ní Toronto. Ẹ jọ rojọ́ ọ̀hún. Ohun tó ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, o kò sì tíì rí ẹni bá ọ sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ₦20,000 wà lọ́tọ̀, mo sì fẹ́ kí o fi sí ọ̀tọ̀. Owó tó lọ ń dunni ní ọ̀nà tirẹ̀, ó sì máa ń wọ aṣọ ìfẹ́ ẹgbẹ́. Ẹni tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ ló burú jù láti ta tẹ́tẹ́ lé wọn lórí, torí pé ohun tó ń fẹ́ ló ń tẹ̀, kì í ṣe ohun tó rí. Má ta á mọ́. Tí o bá rí i pé o kò lè dáwọ́ dúró, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, o sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìyàwó rẹ mọ̀.

Ní ti ègún, mo mọ bí èrò yẹn ṣe wọlé. Ọdún 1967 ni Toronto gba ife gbẹ̀yìn. Láti ọdún 2004 tí wọ́n ti borí Ottawa nínú eré keje, wọ́n ti gbá eré keje ní 2013, 2018, 2019, 2021, 2022, 2024 àti 2025, wọn kò sì jẹ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ní 2013, 4-1 ni wọ́n fi ń ṣíwájú Boston ní apá kẹta tó kẹ́yìn eré, Boston sì fi 5-4 lé wọn lọ sílé ní àfikún àkókò. Brad Marchand wà nínú Boston yẹn ní 2013, ó wà níbẹ̀ ní 2018, 2019 àti 2024. Nígbà tó wá kó lọ sí Florida, òun náà ló tún wà níwájú yín ní 2025. Bí èèyàn bá to gbogbo èyí jọ, tí a sì bí onítọ̀hún nílẹ̀ Yorùbá, kò lè ṣe kó má wò ó pé ọwọ́ ayé wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n wo irú eré tó jẹ́. Rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ ni wọ́n ń fi igi gbá, fífẹ̀ rẹ̀ kò pé sẹ̀ńtímítà mẹ́jọ, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi gíráàmù 170. Wọ́n máa ń mú kó tutù kó dì kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà máa ta kiri lórí yìnyín. Ẹnu ilé tí aṣọ́lé ń ṣọ́ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ó ga ní mẹ́rin. Tí eléré tó lágbára bá gbá rọ́bà yẹn, ó lè sáré ju kìlómítà 150 ní wákàtí kan. Nígbà tí mo ń bá àwọn ọmọdé aṣọ́lé ṣiṣẹ́ ní Kánádà, ohun tó kọ́kọ́ máa ń yà wọ́n lẹ́nu ni pé lọ́pọ̀ ìgbà wọn kì í rí ohun tí wọ́n fẹ́ mú. Gìrìpá kan á wá dúró síwájú rẹ, á kẹ̀yìn sí ọ, á dí ọ lójú. Ìwọ á bẹ̀rẹ̀, wàá máa yọjú láàárín apá àti ìhà rẹ̀. O gbọ́ ìró igi, rọ́bà kan bàtà ẹnì kan, ó yà, ó sì ti wà nínú àwọ̀n kí orúnkún rẹ tó kan ilẹ̀. Kò sí ohun tí o ṣe tó burú. Eré tí góòlù rẹ̀ kò pọ̀, tí irú nǹkan báyìí sì ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ lálaalẹ́, a kò lè fi eré méje mọ ẹni tó dára jù.

Nínú eré 82, ẹni tó dára máa ń hàn. Nínú méje, kò dájú. Tampa Bay borí nínú eré 62 ní sáà tó parí ní 2019, Columbus sì nà wọ́n mẹ́rin sí òdo ní ìpele àkọ́kọ́. Ní 2020, Tampa gba ife, wọ́n sì tún gbà á ní 2021. Boston borí nínú eré 65 ní sáà 2022 sí 2023; kò sí ẹgbẹ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú ìtàn líìgì náà. Wọ́n ń fi eré mẹ́ta sí ẹyọ kan ṣíwájú Florida ní ìpele àkọ́kọ́, Florida sì yí i padà, ó lé wọn sílé. Ta ló fi Tampa gégùn-ún ní 2019, ta ló sì tú u lọ́dún kejì?

Síbẹ̀, n kò ní kó gbogbo rẹ̀ fún oríire, torí pé irọ́ ni yóò jẹ́. Ilé yín ni Florida ti nà yín ní 6-1 nínú eré karùn-ún, ibẹ̀ náà ni wọ́n tún ti nà yín ní 6-1 nínú eré keje. Rọ́bà kì í yà báyìí lẹ́ẹ̀mejì. Àléébù gidi wà nínú bí wọ́n ṣe kó ẹgbẹ́ náà jọ. NHL fi gbèdéke sí owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè san fún eléré, kò dà bíi bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí olówó ti lè ra èyí tó pọ̀ jù lọ. Ní sáà 2024 sí 2025, mílíọ̀nù 88 dọ́là ni gbèdéke náà. Auston Matthews ń gba 13.25 nínú rẹ̀, William Nylander 11.5, John Tavares 11, Mitch Marner fẹ́rẹ̀ẹ́ gba 11. Ẹni mẹ́rin ti kó ju ìdajì lọ, ogún ènìyàn ló sì ń múra lọ́jọ́ eré. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé họ́kì kì í ṣe eré tí àgbà eléré ń dá gbé. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta wákàtí kan péré ni ẹni tó dára jù máa ń lò lórí yìnyín nínú 60 ìṣẹ́jú. Ìyókù, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tí owó wọn kò tó nǹkan ló wà lójú ìjà.

Ibi yẹn gan-an ni wọ́n ti pa yín. Ní eré keje, Florida ti gba mẹ́ta sínú àwọ̀n ní apá kejì. Nígbà tí Max Domi dá ẹyọ kan padà níbẹ̀rẹ̀ apá kẹta, tí ó di 3-1, tí gbogbo ilé sì dìde, kò pé ìṣẹ́jú kan tí Eetu Luostarinen fi dá a lóhùn. Luostarinen, Anton Lundell àti Marchand ni wọ́n jọ máa ń wọlé pọ̀ bí ìlà kẹta Florida, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì gba góòlù wọlé lóru yẹn. Ìlà kẹta, àwọn tí ẹgbẹ́ mìíràn ń kó wọlé kí àwọn ọ̀gá lè mí. Tún fi ti Anthony Stolarz kún un. Òun ni aṣọ́lé yín tó dára jù ní sáà yẹn, ó sì fara pa nínú eré àkọ́kọ́ pẹ̀lú Florida lẹ́yìn tí apá Sam Bennett gbá a lórí. Joseph Woll tó rọ́pò rẹ̀ kò ṣe burúkú, kò jẹ́ kí ẹyọ kan wọlé nínú eré kẹfà, ṣùgbọ́n èèyàn kì í pàdánù aṣọ́lé rẹ̀ àkọ́kọ́ kó má hàn lára ẹgbẹ́. Àwọn tó ń sọ pé àwọn eléré náà kò ní ọkàn, pé owó ti jẹ wọ́n níyè, n kò gbà pẹ̀lú wọn. Ẹni tí kò ní ọkàn kì í lọ sílé Florida lẹ́yìn ìyà 6-1 kó lọ fi 2-0 nà wọ́n.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Wo ohun tí omijé kò jẹ́ kí o rí. Ẹgbẹ́ rẹ borí nínú eré 52, wọ́n ní àmì 108, wọ́n ṣe ipò kìíní ní Atlantic, ọ̀kan nínú ìpín mẹ́rin tí líìgì náà ní, Tampa àti Florida sì wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n lé Ottawa sílé nínú eré mẹ́fà. Florida tó gba ife lọ́dún yẹn yanjú Tampa nínú eré márùn-ún, Carolina nínú márùn-ún, Edmonton nínú mẹ́fà. Toronto nìkan ló gbé wọn dé eré keje. Òpin sáà náà burú, n kò ní sọ pé kò burú. Ṣùgbọ́n òpin ni, kì í ṣe gbogbo sáà. Ẹgbẹ́ 32 ló wà níbẹ̀, ife kan ṣoṣo ló wà. Lọ́dọọdún, àwọn 31 ló ń fi ìjákulẹ̀ parí. Bí ife nìkan bá lè tẹ́ ọ lọ́rùn, ìyà tí o fẹ́ jẹ ṣì pọ̀, ẹgbẹ́ yòówù kí o yàn.

Èyí gbé wa dé ọ̀rọ̀ Florida. Kò sẹ́ni tó lè dá ọ dúró, o kò sì ṣẹ̀ sí òfin. Ṣùgbọ́n àwọn tó jó ní Florida ní 2025 ti jókòó láti 1996 dé 2022 láìrí ìpele playoff kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ wọn borí. Ní 2023, wọ́n dé àṣekágbá, Vegas nà wọ́n, kí wọ́n tó wá gba ife ní 2024 àti 2025. Ayọ̀ tí o ń rí lójú wọn, ọdún wọ̀nyẹn wà nínú rẹ̀. Bí o bá dé ibẹ̀ lónìí, wàá rí ife, ṣùgbọ́n n kò rò pé wàá rí ohun tí wọ́n rí. Yàtọ̀ sí èyí, eré họ́kì tí o fẹ́ràn kọ́ lo fẹ́ yí padà, ìlú tí o gbé ni, mo sì rò pé ìyẹn kò ní gbà fún ọ.

O lè fi họ́kì sílẹ̀ pátápátá. Mo mọ àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ tí ara sì tù wọ́n, mi ò ní bú wọn. Bí eré kan bá ń gba oorun, owó àti ìrẹ́pọ̀ ilé lọ́wọ́ ẹni, tí kò sì fún ni ní nǹkan kan padà, kí a jáwọ́ ni ó yẹ. Ṣùgbọ́n má ṣe ìpinnu yẹn nítorí òru kan. Washington Capitals bẹ̀rẹ̀ ní 1974. Ní 2016 àti 2017, àwọn ni wọ́n ní àmì tó pọ̀ jù nínú gbogbo líìgì, Pittsburgh sì lé wọn sílé ní ìpele kejì lọ́dún méjèèjì. Ní 2018 tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti rò pé ìgbà wọn ti kọjá, wọ́n borí Pittsburgh, wọ́n sì gba ife wọn àkọ́kọ́. St. Louis ló wà nísàlẹ̀ pátápátá líìgì náà níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní 2019. Nígbà tó fi di oṣù Kẹfà, ife ti wà lọ́wọ́ wọn. Kóòṣì wọn nígbà náà ni Craig Berube, ẹni tó kọ́ Toronto ní sáà 2024 sí 2025.

N kò sọ èyí láti ṣèlérí fún ọ. Ní òótọ́, sáà tó ń bọ̀ lè le ju èyí tó kọjá lọ. Marner kó àmì 102 jọ fún yín ní sáà kan, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tí a ń rí rọ́pò lọ́jà. Kò sí ẹni tó lè sọ ọdún tí ife yóò padà sí Toronto, ẹnikẹ́ni tó bá sọ ọ́ fún ọ, owó rẹ ló fẹ́ gbà. Ohun tí mo lè sọ ni pé èèyàn lè fẹ́ràn ẹgbẹ́ láì fi ife ṣe gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́.

Ní ti Marner, ọmọ àgbègbè Toronto ni, Markham ni wọ́n bí i sí, ìdí nìyẹn tí lílọ rẹ̀ fi dun ọ̀pọ̀ èèyàn ju ti àlejò lọ. Vegas fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́jọ, mílíọ̀nù 12 dọ́là lọ́dún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ìwọ náà, bí iléèwé mìíràn bá fún ọ ní irú rẹ̀, wàá di ẹrù rẹ. Má dáná sun aṣọ yẹn. Mo rí àwọn tó bọ́ tiwọn jù sórí yìnyín lọ́dún 2025, ó dùn mí fún wọn, torí pé bí ìbínú bá lọ tán, aṣọ náà ni wọ́n á máa wá. Ká a sínú àpótí. Bí o bá tún fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, orúkọ ẹni tó fún ọ láyọ̀ fún ọdún mélòó kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ibi kan wà tí ìmọ̀ràn mi kò dé. Bí ìbànújẹ́ òru kan bá ń tán díẹ̀díẹ̀, tí o ń jẹun, tí o ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ eré ni, yóò lọ. Ṣùgbọ́n bí oorun kò bá wá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí kò sí nǹkan mìíràn tó wù ọ́ ṣe, họ́kì kọ́ ló fà á, họ́kì kàn ṣí ilẹ̀kùn fún un ni. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Adó, ó wà ní Ìdó-Èkìtì, àwọn dókítà tó mọ̀ nípa ọkàn àti ọpọlọ ni kí o lọ bá, kì í ṣe èmi.

Sáà tuntun ń bọ̀. Aago méje alẹ́ ní Toronto, aago méjìlá òru ni ní Ìkẹ́rẹ́; nígbà tí wọ́n bá sì yí aago wọn padà níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, ó di aago kan òru. Olùkọ́ tó ní kíláàsì ní aago mẹ́jọ kò lè máa ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Wo ìwé ètò eré náà tó bá jáde, kí o fàmì sí àwọn eré ọ̀sán òpin ọ̀sẹ̀: aago kan ọ̀sán níbẹ̀, aago méje alẹ́ nìyẹn fún ọ nígbà òtútù wọn. Jẹ́ kí ìyàwó rẹ bá ọ wo ọ̀kan nínú wọn, kí o ṣàlàyé fún un ohun tó ń lọ, ohùn òkè, láìfi nǹkan kẹ́tí. Àwọn tòru, sùn ní tìrẹ, kí o wo àkékúrú wọn nígbà ìsinmi ráńpẹ́ níléèwé.